Ọjọ́ Mélòó Ni Ó Kù? Ọ̀rọ̀ Nípa Jẹjẹrẹ Ikùn àti Àwọn Àmì tí Ó Wà Lára Rẹ̀

Bí àìsàn ńlá bá wọ ilé kan, ìbéèrè kan ń bẹ tí kì í pẹ́ jáde. Àwọn ará ilé kì í bèèrè rẹ̀ lójú aláìsàn. Wọn a rọra tẹ̀lé oníṣègùn jáde dé ẹnu ọ̀nà, àgbà inú wọn a wo ọ̀tún, a wo òsì, a rẹ ohùn sílẹ̀, a ní, "Dókítà, ẹ má fi pamọ́ fún wa. Ọjọ́ mélòó ni ó kù?" Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí. Ẹni tí ìyá rẹ̀, tàbí bàbá rẹ̀, tàbí aya rẹ̀ dùbúlẹ̀, ó ń fẹ́ mọ bí yóò ti pín owó ọwọ́ rẹ̀, ìgbà tí yóò ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ tí ó wà ní àjò, àti bí òun fúnra rẹ̀ yóò ti mú ọkàn le.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, àwa ń fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àìsàn kan ṣoṣo, èyíinì ni jẹjẹrẹ ikùn. Jẹjẹrẹ tí a ń wí yìí ni èyí tí ń mú àpòlúkù, àpò inú wa tí oúnjẹ ń wọ̀ lọ nígbà tí a bá gbé e mì tán. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé láti nǹkan bí ogójì ọdún wá, àwọn onímọ̀ ti kọ́ láti ka àwọn àmì kan lára jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, àmì tí ń sọ fún wọn nípa ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà gbà, àti oògùn tí ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́. Àwọn ẹlòmíràn gbọ́ nípa àmì wọ̀nyí ní àbọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù wọn bí ẹni pé ìwé ikú ni wọ́n. Àwa sì rí i pé bí ilé kan bá mọ ohun tí irú àmì bẹ́ẹ̀ lè sọ àti èyí tí kò lè sọ, ìmọ̀ náà lè gba aláìsàn lọ́wọ́ oògùn tí kò bá a mu, ó sì lè ṣí ọ̀nà fún un sí èyí tí ó bá a mu.

Àìsàn kékeré kọ́ ni. Ilé iṣẹ́ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, tí ó wà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ṣírò pé ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí a rí jẹjẹrẹ ikùn lára wọn ní gbogbo ayé tó 968,000, àwọn tí ó sì ti ipasẹ̀ rẹ̀ kú tó 660,000. Ohun kan tí ó mú kí ó máa pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé kì í tètè pariwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò ṣe bí inú rírun lásán, bí ọgbẹ́ inú, bí oúnjẹ tí kò dà. Ẹni tí ó ní i a ra oògùn ọgbẹ́ inú ní ọjà, ara a fúyẹ́ díẹ̀, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé iwájú oníṣègùn, àìsàn náà ti rin ìrìn jìnnà.

Kí a tó lè sọ ohun tí àmì jẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń pè ní purotéènì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, pé ó wà nínú ẹ̀wà, nínú ẹyin, nínú ẹja àti ẹran, pé òun ni èròjà tí ń mú ara dàgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú àwo oúnjẹ nìkan ni ó wà. Ara ènìyàn dàbí ìlú ńlá kan, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ilé inú rẹ̀. Bí ilé wọ̀nyí ti kéré tó, tí ojú lásán kò lè rí wọn, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kún inú olúkúlùkù wọn, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni purotéènì. Àwọn kan ń mọ ògiri. Àwọn kan ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba iṣẹ́ tí a rán wá láti ìta. Àwọn kan ń tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá di jẹjẹrẹ, iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí a dàrú. Òmíràn a pọ̀ jù, òmíràn a sì pòórá pátápátá. Bí wọ́n ti pọ̀ tó, tàbí bí wọ́n ti pòórá, ni àmì tí oníṣègùn ń wá.

Báwo ni wọ́n ti ń wá a? Oníṣègùn a ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó ní iná àti ojú ní orí rẹ̀, gba ẹnu aláìsàn lọ sínú àpòlúkù. Ibi tí ó bá rí egbò tàbí kókó, a já àwọn ègé ẹran tín-ín-tín níbẹ̀. A ó kó àwọn ègé náà sínú omi oògùn tí à ń pè ní fọ́málìn kí wọ́n má bàa jẹrà; lẹ́yìn èyí, a ó rì wọ́n sínú ìda gbígbóná, ìda náà yóò sì dì mọ́ wọn. Oníṣègùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ ẹran ara wò yóò bẹ ìda náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò fi aró tí ń di mọ́ purotéènì kan ṣoṣo rẹ ẹ́, yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Bí purotéènì tí ó ń wá bá wà níbẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ a yọ yí sẹ́ẹ̀lì náà ká. Bí kò bá sí, aró náà kò ní rí ohun tí yóò dì mọ́.

Nínú àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà tí a mẹ́nu kàn, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HER2. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró lára ògiri sẹ́ẹ̀lì, kí ó sì mú ìròyìn wọlé pé ó tó àkókò láti dàgbà, kí ọ̀kan di méjì. Nínú ara tí ó dá ṣáká, ìwọ̀nba ni ó ń bẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, ó pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, gbogbo wọn sì ń fi ohùn kan ké sí inú sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà, kí ó dàgbà, láìsinmi.

Lára jẹjẹrẹ ọmú ni a ti kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ àmì yìí dájú. Ní ọdún 1987, Dókítà Dennis Slamon ti Yunifásítì California ní ìlú Los Angeles, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n yẹ jẹjẹrẹ ọmú 189 wò, wọ́n sì rí i pé nínú bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ṣe HER2 ti di púpọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn obìnrin tí ọ̀ràn wọn rí bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ń tètè padà sí lára, àwọn ni wọ́n sì ń tètè kú. Àmì ibi ni, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìbànújẹ́ nìkan ni àmì náà ìbá fi kún ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ rò ó pé bí HER2 bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí ó sì wà ní ìta gbangba lára ògiri, ó yẹ kí ó ṣeé ta ọfà sí. Wọ́n ṣe oògùn kan tí a ń pè ní trastuzumab, tí ń wá HER2 kiri nínú ara, tí ń dì mọ́ ọn, tí ń dá a lọ́wọ́ kọ́, tí ó sì ń fi í han àwọn ọmọ ogun ara. Ní ọdún 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń kéde pé aláìsàn yóò tètè kú ti di ojú ibi tí a ń fojú sùn láti gbà á là.

Ǹjẹ́ ti ikùn ńkọ́? Ọdún 2010 ni ìdáhùn jáde. Àwọn oníṣègùn láti orílẹ̀-èdè 24, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yung-Jue Bang ti ìlú Seoul ní ilẹ̀ Kòríà jẹ́ aṣáájú wọn, kó aláìsàn 594 jọ tí jẹjẹrẹ ikùn wọn ti kọjá ohun tí abẹ lè mú kúrò, tí a sì ti rí àmì HER2 lára gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n ń wá àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bí ẹnìkan nínú márùn-ún tí a yẹ̀ wò ni àmì náà wà lára jẹjẹrẹ rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba àwọn oògùn líle tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kẹmoterápì. Àwọn ìyókù gba oògùn kan náà pẹ̀lú trastuzumab. Ní apá kìn-ín-ní, ẹni tí ó wà ní àárín gbùngbùn gbé oṣù 11.1 láyé, ní apá kejì, ẹni tí ó wà ní àárín gbé oṣù 13.8.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye oṣù wọ̀nyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà. Bí a bá to ènìyàn 101 sórí ìlà, kí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kúrú jù wà ní iwájú, kí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ gùn jù wà ní ẹ̀yìn, ẹni tí ó wà ní ipò 51 ni a mú iye oṣù tirẹ̀ wí. Àádọ́ta ènìyàn kò gbé tó o; àádọ́ta sì gbé jù ú lọ. Nítorí náà, nígbà tí oníṣègùn bá wí pé "oṣù 13," kò sọ pé oṣù kẹrìnlá kò ní bá bàbá yín láyé. Ipò ẹni kan nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ. Ibi tí bàbá yín yóò dúró sí lórí ìlà náà, kò sí awò tí ó lè fi hàn án. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye oṣù, tí ó wá lọ fi àmì sára kàlẹ́ńdà ní ilé, ó ti ka ohun tí a kò kọ.

Ìwádìí náà tún kọ́ni ní ohun kejì. Àwọn tí purotéènì HER2 pọ̀ gan-an lára jẹjẹrẹ wọn ni èrè náà hàn jù lọ lára wọn: oṣù 16.0 fún àwọn tí ó gba trastuzumab, 11.8 fún àwọn tí kò gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí àkọsílẹ̀ HER2 ti di púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, síbẹ̀ tí purotéènì náà fúnra rẹ̀ kéré lára ògiri. Ní ti àwọn wọ̀nyí, kò hàn gbangba pé oògùn náà ṣe wọ́n ní àǹfààní. Ọfà kò lè ba ohun tí kò sí níbẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé oníṣègùn kì í béèrè bóyá àmì wà nìkan. Ó ń béèrè bí ó ti pọ̀ tó. Láti orí 0 dé orí 3 ni wọ́n ń ka èyí. Ẹni tí ó bá gba 3, àmì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba 0 tàbí 1, kò sí. Ẹni tí ó bá gba 2, a ó tún un yẹ̀ wò ní ọ̀nà mìíràn kí a tó mọ ibi tí ó wà. Ó yẹ kí ilé tí ó gba ìwé àyẹ̀wò mọ èyí, kí wọ́n má bàa rò pé 2 jẹ́ ìdáhùn tí ó parí.

Ohun kẹta ni pé jẹjẹrẹ ikùn kì í ṣe ẹ̀dà jẹjẹrẹ ọmú, bí àmì wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Oògùn mìíràn wà tí a so májèlé kékeré mọ́ trastuzumab nídìí, kí ó lè gbé e wọ inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ó ṣe dáadáa fún àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ikùn, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017: ẹni tí ó wà ní àárín gbé oṣù 7.9, nígbà tí àwọn tí a fún ní oògùn àtijọ́ gbé 8.6. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún oògùn mìíràn ṣe ní irú ọ̀nà kan náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ trastuzumab deruxtecan, wọ́n sì dán an wò ní ilẹ̀ Japan àti Kòríà lára aláìsàn 187 tí trastuzumab kò ràn lọ́wọ́ mọ́. Ní ọdún 2020, ìròyìn rẹ̀ jáde: oṣù 12.5, nígbà tí ti àwọn ìyókù jẹ́ 8.4. Àmì kan náà ni, ọ̀nà náà jọra. Ọ̀kan kùnà, ìkejì ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ pé oògùn kan wo aládùúgbò rẹ̀ obìnrin sàn, kí ó má ṣe sáré lọ rà á fún ẹni tí ikùn ń dùn.

Ìdí kan tí ikùn fi yàtọ̀ rọrùn láti mọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí aṣọ àdìrẹ rí. Lára àdìrẹ, ibi kan mu aró dúdúdú, ibi kan sì funfun gbòò. Bí HER2 ti rí nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ikùn nìyẹn. Bí oníṣègùn bá já ègé kan ṣoṣo, tí ó sì jẹ́ ibi funfun ni ọwọ́ rẹ̀ bà, yóò wí pé aṣọ náà kò rí aró rí. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi gbà wá nímọ̀ràn pé kí a já ègé mẹ́fà sí mẹ́jọ láti oríṣiríṣi ibi. Lẹ́yìn tí a bá sì ti lo trastuzumab fún ìgbà kan, àmì náà a máa pòórá lára àwọn mìíràn. Nítorí náà ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò bí àìsàn bá tún gbérí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ wàyí, kí a wọ inú ilé lọ sọ́dọ̀ àwọn atúnṣe. Nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, ó ní láti da ìwé inú rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn purotéènì mẹ́rin kan, tí orúkọ wọn ń jẹ́ MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ bí àwọn tí ń bá wa ka ìwé ìròyìn yìí kí a tó tẹ̀ ẹ́: wọn a wá lẹ́tà tí ó ṣáko, wọn a sì mú un bọ̀ sípò. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ikùn kan, ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn atúnṣe yìí ti pòórá, àṣìṣe sì kún inú ìwé sẹ́ẹ̀lì náà bí èèpo.

Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni yóò burú jù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kó àkọsílẹ̀ aláìsàn 1,556 jọ láti inú ìwádìí mẹ́rin, àwọn tí a ti fi abẹ mú jẹjẹrẹ ikùn wọn kúrò. Àwọn 121 nínú wọn ni àmì àìsí atúnṣe yìí wà lára wọn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ṣì wà láàyè. Nínú àwọn ìyókù, nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi fún èyí ni pé àṣìṣe tí ó kún inú sẹ́ẹ̀lì náà mú kí ó ṣàjèjì sí ara, àwọn ọmọ ogun ara sì tètè dá a mọ̀ bí ọ̀tá.

Níhìn-ín ni àmì ti di ohun tí ó lè yí ìpinnu ilé kan padà. Ní ọdún 2006, ìwádìí ńlá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára aláìsàn 503, ti fi hàn pé bí a bá fún aláìsàn ní kẹmoterápì ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, 36 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, dípò 23 tí ó jẹ́ ti àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan fún. Ohun ayọ̀ ni, ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2017, Dókítà Elizabeth Smyth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí àwọn ègé ẹran tí a ti tọ́jú láti inú ìwádìí kan náà. Wọ́n rí i pé ní ti àwọn tí atúnṣe ti pòórá lára jẹjẹrẹ wọn, iṣẹ́ abẹ nìkan ti ṣe wọ́n ní rere, àwọn tí a sì fi kẹmoterápì kún un fún kò ṣe dáadáa tó wọn. Iye àwọn ènìyàn náà kò pọ̀, àwọn oníṣègùn sì ń fi ìṣọ́ra lo ẹ̀kọ́ náà. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò: oògùn tí ń mú irun re, tí ń mú ni bì, tí ń gba owó ilé tán, tí a sì fara dà nítorí pé a gbàgbọ́ pé ó ń gba ẹ̀mí là, àmì kékeré kan lè sọ pé ní ti ẹni yìí, ó yẹ kí a tún èrò pa. Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oògùn tuntun tí ń jí ọmọ ogun ara dìde máa ń ṣiṣẹ́ fún jù lọ.

Àwọn òǹkàwé wa kan yóò béèrè pé, ṣé kò sí èyí tí a lè rí nínú ẹ̀jẹ̀, kí a má bàa ki okùn bọ ọ̀fun? Ó wà. Ní ọdún 1965, Phil Gold àti Samuel Freedman, ní ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, rí purotéènì kan tí a ń pè ní CEA, èyí tí àwọn jẹjẹrẹ kan ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Ó wúlò fún ṣíṣọ́ ẹni tí a ti tọ́jú: bí iye rẹ̀ bá ga ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tí ó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó tún wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, oníṣègùn a fura pé àìsàn náà ti ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ikùn ni kì í mú un ga rárá, sìgá mímu sì lè mú un ga lára ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń polówó pé òun yóò fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sọ fún yín bóyá ẹ ní jẹjẹrẹ ikùn tàbí ẹ kò ní, ẹ di àpò owó yín mú.

Àmì mìíràn ṣì ń yọ. Ní ọdún 2024, ilẹ̀ Japan àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí ń jẹ́ zolbetuximab, fún àwọn tí purotéènì claudin 18.2 wà lára jẹjẹrẹ ikùn wọn. Ṣùgbọ́n bí àmì ti wù kí ó pọ̀ tó, ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ jù lọ nípa ìgbẹ̀yìn aláìsàn ṣì ni bí jẹjẹrẹ náà ti wọlé jìn tó nínú àpòlúkù, àti ibi tí ó ti tàn dé, nígbà tí a rí i. Èyí wà ní ọwọ́ wa ju àmì lọ.

Kí ni ilé yóò wá ṣe? Èkíní, kí a má ṣe máa fi oògùn ọgbẹ́ inú pa ohùn àìsàn mọ́. Ẹni tí ó bá ń rù láìmọ̀dí, tí oúnjẹ díẹ̀ ń yó kíákíá, tí oúnjẹ ń há ní ọ̀fun, tí ó ń bì léraléra tàbí tí ó bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó tọ oníṣègùn lọ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Èkejì, kí a tọ́jú ègé ẹran. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni a ti lè ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí, ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé ni a ó fi ìgò náà rán lọ sí ibòmíràn. Kí ó mọ̀ pé ohun tí ó gbé lọ́wọ́ níye lórí. Inú fọ́málìn ni ègé náà gbọdọ̀ wà, kì í ṣe omi lásán. Kò gbọdọ̀ gbẹ. A kò sì gbọdọ̀ gbé e sórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tí a ń wá owó kiri. Wákàtí 6 sí 72 nínú fọ́málìn ni àwọn onímọ̀ fẹ́ kí ó lò kí a tó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, purotéènì inú rẹ̀ a bàjẹ́ pẹ̀lú, àyẹ̀wò a sì wí pé àmì kò sí níbi tí ó wà. Báyìí ni aláìsàn ṣe lè pàdánù oògùn tí ìbá ràn án lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a béèrè, kí a sì fi ìwé pamọ́. Kí a wí fún oníṣègùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ǹjẹ́ a ti yẹ HER2 wò? Àwọn purotéènì atúnṣe ńkọ́?" Kò sí oníṣègùn rere tí yóò bínú sí ìbéèrè yìí. Ìda tí a rì ègé náà sí a máa wà fún ọdún púpọ̀. A lè tún padà sí i bí oògùn tuntun bá dé.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn aláìsàn. Òun ni ara rẹ̀ ń dùn ún, òun ni yóò gbé oògùn mì. Àgbàlagbà tí ó ti tọ́ wa dàgbà kò yẹ ní ẹni tí a ó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti fẹ́ mọ̀ tó, kí a sì sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú sùúrù.

Àwọn baba wa wí pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Àwọn àmì tí a ti ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, àrùn ni wọ́n ń fi hàn: ibi tí ó lágbára sí, ibi tí ó ti ṣeé ta lọ́fà, oògùn tí yóò ṣe é àti èyí tí yóò fi owó àti agbára ṣòfò. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀lé oníṣègùn dé ẹnu ọ̀nà, bí "Ọjọ́ mélòó ni ó kù?" bá ti dé ètè yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ni ègé ẹran náà sọ, kí sì ni a lè ṣe sí i?" Ìbéèrè yẹn ni ó lè dáhùn. Kí ẹ sì padà wọ yàrá lọ, kí ẹ jókòó ti ẹni yín, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀ ń kà náà, ọ̀kan nínú wọn ni òní.